Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Mí Sórí Àga Ọ̀gá Mi

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ fún mi láyè kí n jókòó tì yín díẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ti fẹ̀yìn tì máa ń sọ ìtàn iṣẹ́ wọn bí ẹni tó rin ojú títì tó tẹ́jú: mo kúrò níbí, mo dé ọ̀hún, mo dúpẹ́. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti di nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì lórí àga olórí ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba lágbègbè wa, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mi ò mọ ibi tí ọ̀nà ń gbé mi lọ. Títí di òní, àwọn nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò yé mi. Màá sọ wọ́n bí wọ́n ṣe rí. Ẹ̀yin tí ọpọlọ yín ṣì jí pépé, bóyá ẹ ó bá mi tú u.

Muliká ni àwọn àáfà sọ mí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ṣùgbọ́n Àjọkẹ́ ni gbogbo agboolé wa l'Ẹ́dẹ ń pè mí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, oko kòkó rẹ̀ wà lọ́nà Sekona. Ó fẹ́ kí n ṣe tíṣà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Lọ́jọ́ tó bímọ, ẹ̀jẹ̀ kò dá, gbogbo wa sì ti bú sẹ́kún nígbà tí nọ́ọ̀sì kan ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, tó wọlé tì í. Nígbà tí obìnrin náà fi máa jáde, ẹ̀gbọ́n mi ti ń béèrè omi mímu. Mo sọ fún bàbá mi pé iṣẹ́ obìnrin yẹn ni mo fẹ́. Mo lọ sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, mo jáde, wọ́n gbà mí sí ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ. Kò sí ìtàn níbẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sọ́wọ́ Mátírọ́nù Fálọlá, olórí gbogbo nọ́ọ̀sì ibẹ̀. Ìyá náà ga, ó tín-ín-rín, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni. Sítáàṣì tó máa ń fi sí aṣọ funfun rẹ̀ le débi pé bó bá jókòó, aṣọ náà á dún. Bàtà rẹ̀ nìkan ni kì í dún. Ẹ̀yìn rẹ lo kàn máa gbọ́ ohùn rẹ̀.

Nígbà yẹn, síríńjì onígíláàsì la ń lò. A ó sè é, a ó fi ẹ̀mú kó o jáde, a ó tún lò ó. Abẹ́rẹ́ pàápàá, a kì í jù ú nù. Bí ẹnu rẹ̀ bá kú, a ó pọ́n ọn lórí òkúta. Mátírọ́nù á gba abẹ́rẹ́ tí o pọ́n, á fà á gba inú òwú. Bí fọ́nrán òwú kan bá há sí i lẹ́nu, á dá a padà fún ọ.

"Àjọkẹ́, ṣé apá ìyá tìẹ lo máa fi èyí gún?"

"Rárá, mà."

"Apá ìyá ẹlòmíràn ńkọ́?"

Wàá padà sídìí òkúta.

Òun náà ló kọ́ mi láti fi ìwo onígi gbọ́ ìró ọkàn ọmọ nínú oyún. Mo gbé ìwo náà lé ikùn obìnrin kan, mo gbé etí lé e, mo ní mo ti ń gbọ́ ọ. Mátírọ́nù di ọwọ́ obìnrin náà mú, ó wo aago rẹ̀.

"Ìró ọkàn ìyá lo gbọ́ yẹn. Ti ọmọ máa ń sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tún wá a."

Aláboyún ń rẹ́rìn-ín, èmi ń làágùn. Mo wá a títí, mo gbọ́ ọ, ó ń sáré bí ẹsẹ̀ ẹran lórí páànù. Omi bọ́ lójú mi. Mátírọ́nù ní, "Nu ojú rẹ. Ẹlòmíràn wà lórí ìlà."

Ohun tó ń dà mí láàmú nípa ìyá náà ni pé mi ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ràn mi tàbí ó kórìíra mi. Lọ́jọ́ kan, ó lé mi sílé nítorí àbàwọ́n kékeré lára éépírọ́ọ̀nù mi, níṣojú àwọn aláìsàn. Ojú tì mí dé egungun. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá mi fi aṣọ funfun tuntun kan hàn mí. Ó ní obìnrin gíga kan ló mú un wá, kò jókòó, kò mu omi, kò sì jíṣẹ́ kankan. Mo bi ìyá mi pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìyá mi ní, "Rán an, kí o wọ̀ ọ́." Mo rán an, mo wọ̀ ọ́. Mátírọ́nù kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ títí ayé.

Nígbà tí àwọn ológun tún gbàjọba, nǹkan ti ń le. Wọ́n ní kí gbogbo wa fún ìgbànú mọ́ra. Àwa tí ìgbànú wa ti wọ ihò ìkẹyìn, a ò mọ ibi tí a ó tún fún un dé. Oògùn tán nílé oògùn. Aláìsàn ló ń gbé òwú àti kẹrosíìnì wá fúnra rẹ̀. Àwọn dókítà wa ń lọ sí Sáúdí lọ́kọ̀ọ̀kan. Wàá kí wọn lónìí, lọ́la wàá gbọ́ pé wọ́n ti wọ bàálù. Síríńjì oníke ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, èyí tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan, tí à ń jù nù. A fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ó di ọ̀wọ́n, àṣẹ wá látòkè pé ká máa sè é bíi ti ìṣáájú. A sè é. Ó ká kò bí ewé tí iná rà. Mátírọ́nù ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó kó àwọn onígíláàsì tí wọ́n ti ní ká dà nù jáde.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ológun tó ń ṣàkóso ìpínlẹ̀ wa já wọ ọgbà wa láàárọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ó wọ wọ́ọ̀dù, ó rí àwọn aláìsàn lórí ẹní. Ó yíjú sí Mátírọ́nù.

"Kí ló dé tí wọ́n fi wà nílẹ̀?"

"Sà, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi," ni Mátírọ́nù wí. "Mo ti ń béèrè bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ yín tipẹ́tipẹ́."

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo àwa yòókù, ó na ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ sí mi. "Ìwọ, kí ni ilé ìwòsàn yìí nílò?"

Ẹ̀rù ń bà mí. Ohun tó wà níwájú mi ni mo sọ: garawa tó ṣófo. Mo ní, "Omi, sà. Ẹ̀rọ omi kò yọ."

Ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà, a wà ní wọ́ọ̀dù lọ́sàn-án, Mátírọ́nù ń di ojú egbò fún bàbá àgbàlagbà kan. Rédíò kékeré bàbá náà wà nídìí ìrọ̀rí rẹ̀, ó ń ka ìròyìn. Ó ní ìjọba ti fẹ̀yìn àwọn òṣìṣẹ́ kan tì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A gbọ́ orúkọ Mátírọ́nù. Kí a tó mí, a tún gbọ́ pé ìjọba ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa darí àwọn ilé ìwòsàn láti Ẹdẹ dé Sekona dé Ara, àti pé olórí rẹ̀ ni... orúkọ mi ni wọ́n pè. Orúkọ mi, orúkọ bàbá mi.

Mo rò pé mo ṣì gbọ́ ni. Mátírọ́nù di báńdéèjì náà tán, ó so ó, ó ní kí bàbá na ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Bàbá na ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yọ ìdì kọ́kọ́rọ́ lára ìgbànú rẹ̀.

"Gbà."

"Mà, mi ò gbà á. Mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Gba kọ́kọ́rọ́."

Mo gbà á. Ó jáde, bàtà rẹ̀ kò dún.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi kò kí mi mọ́. Wọ́n ní èmi ni mo lọ sọ nǹkan fún sójà. Ìyá mi ní kí n gbà á, pé bí Ọlọ́run bá gbéni ga, ẹnì kan kì í béèrè ìdí. Ọkọ mi, tíṣà ni, ó jókòó síwájú ilé, ó ro ọ̀rọ̀ náà lọ, ó rò ó bọ̀.

"Bí o bá gbà á, wọ́n á ní ìwọ lo ta ọ̀gá rẹ. Bí o bá kọ̀ ọ́, wọ́n á fi ẹni tí kò mọ abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ìṣó síbẹ̀."

"Kí ni kí n wá ṣe, Bàbá Ṣàkírù?"

"Èmi náà ò mọ̀."

Mo wọ ọ́fíìsì Mátírọ́nù lọ́jọ́ kejì. Mi ò jókòó sórí àga náà. Mo gbé àpótí kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, orí rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, bí ẹni tó ń dúró de onílé.

Ìgbà òjò ni ìjàǹbá dé. Wọ́n ní omi ò lọ́tàá, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn omi di ọ̀tá wa. Ẹ̀rọ omi ìlú ti dákẹ́. Wọ́n ní irin kan ló kán lára rẹ̀, òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á, owó òkèèrè kò sì sí. Kànga àti odò ni gbogbo èèyàn ń pọn, àgbàrá sì ti kó ìdọ̀tí wọ inú wọn. Ọmọdé kan kọ́kọ́ dé, ó ń yàgbẹ́, ó ń bì, ojú rẹ̀ ti jìn sínú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, orí ẹní ti kún. Gbogbo nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ló mọ ohun tó dé: onígbáméjì, àrùn tó ń fa gbogbo omi ara èèyàn jáde níṣojú ẹni. Dríìpù tó kù nílé oògùn kò tó nǹkan.

Nígbà tó tán pátápátá, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sílé Mátírọ́nù Fálọlá. Mi ò ì dé ibẹ̀ látọjọ́ rédíò. Mo bá a níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ kú ìjókòó, mà."

Kò gbójú sókè. "Ṣé ó ti ń pa èèyàn?"

"Ó ti ń pa wọ́n, mà."

"Ẹ po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún wọn."

"Kò sí ṣúgà lọ́jà, mà. Wọ́n ń tò fún un, kò sì kárí."

Ó ju ẹ̀wà tó bàjẹ́ kan nù. "Ògì wà nílé gbogbo èèyàn. Ẹ sè é kó ṣàn, ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ máa fi ṣíbí bù ú sí wọn lẹ́nu. Bí wọ́n bá bì í, ẹ tún bù ú." Ó gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀, ó dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀.

"Mà, wọ́n ti ní kí ẹ lọ sinmi. Bí wọ́n bá rí yín níbẹ̀..."

"Ṣé wọ́n ní kí ọwọ́ mi náà lọ sinmi ni?"

Ó bá mi lọ. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì rí i lẹ́nu ọ̀nà, ńṣe ni wọ́n dìde dúró. Kò kí ẹnì kankan. Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní.

Ọjọ́ náà gan-an ni ọkùnrin kan tó wọ kaakí dé láti olú ìlú. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ìjọba ti gbọ́ pé inú ń run àwọn èèyàn l'Ẹ́dẹ. Ó ní inú rírun ni kí n máa pè é. Ẹni tó bá pe orúkọ mìíràn ń da ìlú rú ni, ìjọba sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ọkàn mi dàrú. Bí mo bá pè é ní inú rírun, ta ni yóò se omi kó tó mu ún? Inú ń run èèyàn lójoojúmọ́, wọ́n á jẹ ewúro, wọ́n á sùn. Bí mo bá sì pe orúkọ rẹ̀, wọ́n á gbé mi. Mo ní ọmọ nílé, èyí àbíkẹ́yìn kò tíì rìn.

Àwọn èèyàn ti kún iwájú ilé ìwòsàn: àwọn lèmọ́mù, àwọn pásítọ̀, àwọn baálé. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu olórí. Mo jáde sí wọn. Mo ti tò ó sẹ́nu: ẹ má fòyà, inú rírun lásán ni. Lóòótọ́ ni mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Mo lanu, obìnrin kan sì pariwo láàárín èrò. Ó so ọ̀já mọ́ra, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì! Ọmọ mi jẹun lánàá, ó ṣeré lánàá. Láàárọ̀ yìí la sin ín. Kí ló pa á? Ẹ sọ fún mi, kí ló pa á?"

"Onígbáméjì ni," ni mo wí.

Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀, ó ti fọ́. Ẹ máa bi mí bóyá ìgboyà ni. Mi ò mọ̀. Títí dòní, mi ò mọ̀. Obìnrin náà béèrè, ẹnu mi sì dáhùn kí n tó pàṣẹ fún un. Mo yíjú, mo rí ọkùnrin oníkaakí lẹ́bàá ògiri, ó ń wò mí. Mátírọ́nù ti jáde, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, apá aṣọ rẹ̀ tutù fún omi.

"Ẹ ti gbọ́ ohun tí olórí wa wí," ó ní. Bẹ́ẹ̀ ló pè mí, olórí wa. "Ẹ má mu omi tí ẹ kò sè. Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹni tó bá ti ń ṣu, tó ń bì, ẹ má dúró wò ó nílé. Ẹ lọ sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, ẹ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ilẹ̀ tó ṣú."

Wọ́n sọ ọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn tó ń dé bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, àwọn tó sì dé ń tètè dé, a ń rí wọn gbà là. Kì í ṣe gbogbo wọn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo wọn ni.

Ìpè dé láti olú ìlú pé kí n wá jẹ́jọ́. Ọkọ mi sin mí dé ibi ọkọ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá ológun yẹn láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Nígbà tí wọ́n mú mi wọlé, kò ní kí n jókòó.

"Ìwọ lo pe orúkọ àrùn náà?"

"Èmi ni, sà."

"Wọ́n ò kìlọ̀ fún ọ?"

"Wọ́n kìlọ̀ fún mi, sà."

Ó yíjú sí fèrèsé. "Àwọn èèyàn ṣì ń kú?"

"Wọn ò kú lánàá, sà."

"Máa lọ sílé."

Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo délé, mo retí kí wọ́n wá mú mi. Lọ́rì kan ló dé, dríìpù ló kún inú rẹ̀. Awakọ̀ náà ló tún mú ìwé wá fún mi, pé kí n sọ ìdí tí wọn kò fi ní jẹ mí níyà fún àìgbọràn. Ọkọ̀ kan náà! Mo mú ìwé náà lọ fún ọkọ mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ṣé wọ́n ń yìn ọ́ ni, àbí wọ́n ń bá ọ wí?" Mo fèsì sí i, ẹnì kan kò sì dá mi lóhùn mọ́. Wọn ò lé mi. Ìgbà tó yá, mo gbé àpótí yẹn kúrò, mo jókòó sórí àga.

Mo ṣe iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, a di ìpínlẹ̀ tiwa, àwọn ológun sì lọ. Mo gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ọgbà àwọn ilé ìwòsàn wa. Fíríìjì oníkẹrosíìnì tí a fi ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ, èyí tó ń lo oòrùn dé. Kọ̀ǹpútà dé, àwọn ọmọdé kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ara mi kò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀. Bí mo bá wọ wọ́ọ̀dù, àwọn nọ́ọ̀sì á ní, "Àwọn ìjọba ti dé." Bí mo bá lọ sípàdé, àwọn ìjọba á ní, "Nọ́ọ̀sì yẹn ti dé." Mo dà bí àdán, n kò ṣe eku, n kò ṣe ẹyẹ.

Mátírọ́nù Fálọlá padà sílé rẹ̀ lẹ́yìn àrùn náà, kò gbà kí n dá òun padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo máa ń lọ kí i. Kí ó tó jáde láyé, mo gbìyànjú lọ́jọ́ kan, mo ní, "Mà, ṣé ẹ bínú sí mi nítorí àga yẹn?" Ó ti ń darúgbó. Ó ti àwo síwájú mi. "Oúnjẹ rẹ ń tutù," ó ní. Mo jẹ ẹ́.

Ẹ ó wá bi mí pé iṣẹ́ wo ló dára nínú méjèèjì, ti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tàbí ti ọ́fíìsì. Mi ò fẹ́ purọ́ fún yín. Ẹni tó ń darí ló ń rí omi wá fún ọgọ́rọ̀ èèyàn. Ẹni tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ló mọ orúkọ wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi láìpẹ́ yìí, kí n tó dákẹ́.

Mo lọ kí àbúrò mi ní Ara, òòyì kọ́ mi lójú ọ̀nà. Mo yà sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára sì ni, ìyá ọlọ́mọ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Kò mọ̀ mí. Ó ní, "Màmá, ẹ jókòó sórí ìlà." Mo jókòó láàárín àwọn ọlọ́mọ, bẹ́ǹṣì náà ń ta mí ní ìdí. Nígbà tó kàn mí, ó so ẹ̀rọ kan mọ́ mi lápá, ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà sì ń fún mi lápá fúnra rẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ga díẹ̀, kí n sinmi. Ó mú káàdì.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, Màmá?"

"Mo ti fẹ̀yìn tì."

"Iṣẹ́ wo lẹ ṣe kí ẹ tó fẹ̀yìn tì?"

Mo wò ó. Ọ̀rọ̀ pọ̀ tí mo lè sọ. Ọmọ kan ń ké nítòsí, ìyá rẹ̀ kò lè dì í mú, gbogbo ara ọmọ náà ń ta.

"Nọ́ọ̀sì ni mí," ni mo wí.

Ọmọbìnrin náà gbé bírò sílẹ̀. "Ha! Ọlọ́run ló rán yín wá. Ẹnì kejì mi ò wá sẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Màmá, bí ara yín bá gbà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ bá mi di ọmọ yìí mú."

Mo fọ ọwọ́ mi, mo sì di ọmọ náà mú.